Ọgbẹ́ Lórí Tábìlì: Bí a Ṣe Ń Kọ Ìfarapa Ẹ̀dá Ìtàn Sílẹ̀ àti Bí a Ṣe Ń Ròyìn Rẹ̀ Nínú Eré RPG

Nínú eré RPG, ìyẹn eré tábìlì tí kálukú ti ń ṣe ẹ̀dá ìtàn kan, jagunjagun kan ní HP (hit points, nọ́ńbà tó ń sọ iye ìyà tó lè jẹ kó tó ṣubú) 44. Ọ̀tá na ọ̀kọ̀ sí i, dáìsì ní ìpalára 9. Adarí eré bá ní: «Ọ̀kọ̀ náà gún un láyà, ó yọ lẹ́yìn.» Ó dùn-ún gbọ́, gbogbo tábìlì pa lọ́lọ́. Ṣùgbọ́n HP 35 ṣì wà nílẹ̀. Nígbà tó kan jagunjagun yẹn, ó sáré, ó fo odi, ó sì tún ja ìjà bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe. Lálẹ́, ó fi wákàtí 8 sinmi, HP rẹ̀ pé 44 padà. Láti ìgbà náà lọ, kò sí ẹni tí yóò ka ọ̀rọ̀ ọgbẹ́ sí mọ́ lórí tábìlì yẹn, nítorí ọ̀kọ̀ tó gba àyà kọjá kò ju nọ́ńbà kan tí wọ́n pa rẹ́ lọ.

Ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀ ni pé ẹnu ná ju ohun tí nọ́ńbà ní lápò. Nọ́ńbà ń sọ bí ikú ṣe sún mọ́ tó. Ọ̀rọ̀ ń sọ ohun tó ṣe ara. Iṣẹ́ méjì ni wọ́n, ibi méjì ló sì yẹ kí ẹ kọ wọ́n sí. Òfin Dungeons & Dragons ti ọdún 2014 ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ jù, torí pé òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀, a ó sì máa yá nǹkan lọ́wọ́ àwọn eré mìíràn níbi tí wọ́n ti ṣe é dáadáa jù ú lọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ fẹnu kò lórí ohun tí HP jẹ́

Ọdún 1974 ni Dungeons & Dragons jáde, láti ọwọ́ Gary Gygax àti Dave Arneson. Inú eré ogun tí wọ́n ń fi ère ọmọ ogun kéékèèké ṣe ló ti wá, ibẹ̀ ni HP sì ti rí gbòǹgbò: ó ń ka iye ìyà tí ọmọ ogun kan lè jẹ kó tó kúrò lójú pápá. Nínú òfin 2014, agbára ara, ìfaradà ọkàn, ìfẹ́ láti wà láàyè àti oríire ni wọ́n pa pọ̀ tí wọ́n ń pè ní HP. Ẹ̀jẹ̀ nìkan kọ́. Ìwé náà tilẹ̀ dá a sí ipele mẹ́ta: bí HP bá ju ìdajì lọ, kò sí àmì ìfarapa kan lára, bó bá wálẹ̀ sí ìdajì tàbí kó kéré sí i, a bẹ̀rẹ̀ sí í rí ibi tó gé àti ibi tó wú, èyí tó sọ ọ́ di òdo ni ó wọlé ní tòótọ́. Ẹni tó bá tẹ̀ lé ìpele mẹ́ta yìí nìkan ti bọ́ lọ́wọ́ ìdajì wàhálà.

Kì í ṣe gbogbo eré ló rí bẹ́ẹ̀. RuneQuest (1978) pín HP sí ẹ̀yà ara, tí apá, ẹsẹ̀ àti orí fi ní tiwọn. Nínú Traveller (1977), agbára, ìyárasí àti ìfaradà gan-an ni ìpalára ń jẹ, tí ẹni tí wọ́n yìn níbọn fi di aláìlágbára lójú ẹsẹ̀. Nínú Call of Cthulhu ẹ̀dà keje, ẹ ó ro CON (ìfaradà ara) mọ́ SIZ (títóbi ara), ẹ ó fi 10 pín in. Ènìyàn lásán kì í ní ju HP bíi 10 sí 13 lọ, nítorí náà ẹyọ kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ẹran ara ni. Blades in the Dark (2017) kò lo HP rárá, ọ̀rọ̀ ni ẹ ó kọ sínú àpótí: méjì fún ọgbẹ́ kékeré, méjì fún èyí tó le, ẹyọ kan fún èyí tó burú.

Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kí adarí eré sọ gbólóhùn kan sókè, kí gbogbo ènìyàn gbọ́: «Níbí, títí dé ìdajì, èémí àti oríire ni HP; lẹ́yìn ìyẹn, ara ni.» Tàbí òdì kejì rẹ̀. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú dára. Èyí tó ń ba eré jẹ́ ni kí adarí ní èrò kan lọ́kàn, kí àwọn tó ń ṣeré ní òmíràn.

Ìgbésẹ̀ kejì: nọ́ńbà lórí ìwé

Pẹ́ńsù ni kí ẹ lò. Adarí eré á fa òpó mẹ́rin sórí ìwé kan: orúkọ, HP kíkún, ìdajì, ìpalára tó ti jẹ. Kí ó ṣírò ìdajì kí àwọn ènìyàn tó jókòó, torí pé ìdajì yẹn ni ìròyìn yóò ti yí padà, kò sì sí ẹni tó ń rí àyè pín 67 sí méjì láàárín ìjà.

Fún ọ̀tá, ẹ máa rò ó pọ̀ ni, ẹ má máa yọ kúrò. Ìpalára 7, lẹ́yìn náà 12, ó di 19. Bó bá tó HP kíkún, ó ṣubú. Àṣìṣe nínú ìròpọ̀ kéré sí ti ìyọkúrò, pàápàá nígbà tí alẹ́ bá ti jìn tí ọ̀tá mẹ́fà wà nílẹ̀.

Fún ẹ̀dá ìtàn, ẹni tó ni ín ló ń kọ tirẹ̀. Kí ó kọ nọ́ńbà tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ti àtẹ̀yìnwá, kó fa ìlà kan sórí ti àtẹ̀yìnwá, kó má pa á rẹ́. Ìdí ni pé léyìn yípo méjì ẹnìkan yóò rántí pé iná kì í fi bẹ́ẹ̀ ran ẹ̀dá yìí. Bí ẹ bá ti pa nọ́ńbà rẹ́, ẹ kò ní rí ọ̀nà padà.

Ọ̀nà tí ìpalára ń gbà nìyí, ẹ má yí i po: ohun tó ń dín in kù ló kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, HP onígbà díẹ̀ (àfikún tí idán tàbí agbára kan fún un) ló tẹ̀ lé e, HP gidi ló kẹ́yìn. Ẹ jẹ́ ká sọ pé iná 17 kọ lu ẹni tí iná kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn, tó sì ní HP onígbà díẹ̀ 5. 17 á di 8, torí pé ìsàlẹ̀ ni a ń rọ ìdá sí. HP onígbà díẹ̀ gba 5 nínú rẹ̀, ó tán. Ẹ̀ta tó kù ló dé ara: 44 di 41. Bí ó bá ń di ọkàn mú idán kan, ó gbọ́dọ̀ ta dáìsì Constitution (ìfaradà ara), kó sì tó 10 tàbí ìdajì ìpalára, èyí tó bá pọ̀ jù. Ìdajì 8 kò ju 4 lọ, nítorí náà 10 ni.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí ni kíkó HP onígbà díẹ̀ pọ̀ mọ́ HP gidi. Ẹ kọ ọ́ sí igun ìwé, kí ẹ yí i ká. Kì í ròpọ̀: bí ẹni tó ní 5 bá tún rí 8, yóò mú ọ̀kan ni. Ìwòsàn kò sì lè dá a padà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ìlà ọgbẹ́

Ibí ni iṣẹ́ gan-an wà. Gbogbo ìlù, ìyẹn ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ọ̀tá bá lu ẹ̀dá ìtàn, kọ́ ló yẹ kó ní ìtàn. Ẹ yan ohun mẹ́ta tí yóò mú yín kọ ìlà ọgbẹ́ sórí ìwé ẹ̀dá ìtàn:

- ìlù tó sọ ọ́ di òdo;
- ìlù ẹyọ kan tó jẹ ìdajì HP kíkún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ (Call of Cthulhu ni a ti yá èyí; bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń mọ ọgbẹ́ ńlá níbẹ̀);
- dáìsì 20 ọ̀tá (ìyẹn ni pé dáìsì olójú 20 tí ọ̀tá ta bọ́ sí 20 gan-an), bí ẹ̀dá náà bá ti wà ní ìdajì tàbí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ẹ má yọ gbólóhùn ìkẹyìn yẹn kúrò. Ẹ̀ẹ̀kan nínú ogún ni dáìsì 20 ń jáde. Bí ọ̀tá bá ta dáìsì nígbà 60 nínú ìjókòó kan, bíi mẹ́ta ni ẹ ó rí. Bí gbogbo wọn bá di ọgbẹ́, lẹ́yìn ìjókòó mẹ́ta, ẹgbẹ́ yín á di ọgbà àwọn aláìsàn.

Ìlà kan ní ohun mẹ́rin: ibi tó ti bà á, ohun tó ṣe é, ohun tó dí lọ́wọ́, ìgbà tí yóò tán. Báyìí:

Èjìká ọ̀tún / òòlù ogun / ó yẹ̀, ìdíwọ́ bó bá ń gun nǹkan / ìsinmi gígùn 2 lẹ́yìn tí wọ́n bá dá a padà sáyè.
Itan òsì / ọfà / ìrìn 30 di 25 / ìsinmi gígùn 2.
Etí méjèèjì / àrá / ìdíwọ́ lórí Perception (ìfura) tó jẹ mọ́ gbígbọ́ / ìsinmi gígùn 1.

Ìdíwọ́ ni pé kí a ta dáìsì méjì, kí a mú èyí tó kéré. Ìrìn ni iye ẹsẹ̀ bàtà tí ẹ̀dá lè rìn ní yípo kan; ìsinmi gígùn ni ìsinmi wákàtí 8. Bí apá kẹta bá ṣófo, ìlà náà ti kú. «Ó farapa gan-an» kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, torí pé ẹni tó ń ṣeré kò mọ ohun tí yóò ṣe yàtọ̀ ní ọ̀la. «Ó ń tiro, kò lè sáré» wúlò lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ajá ọdẹ bá lé wọn.

Kí ìlà kọ̀ọ̀kan dí ohun kan ṣoṣo lọ́wọ́, kó má sì jẹ́ ìjà fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá fi ìdíwọ́ sórí gbogbo dáìsì ìjà, ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ ṣá kò ní rí ọ̀tá bá mọ́, wọn yóò tún ṣá a, ìyà á máa bí ìyà, ìjà á ti parí kó tó parí. Savage Worlds ń yọ 1 fún ọgbẹ́ kọ̀ọ̀kan títí dé 3, ṣùgbọ́n ó fún àwọn tó ń ṣeré ní Benny (àmì oríire) tí wọ́n lè ná láti fi nu ọgbẹ́ kúrò. Ẹni tó bá yá ìyà yẹn láìyá Benny ti yá ìdajì òfin.

Ìlà mẹ́ta ni kó pọ̀ jù lára ẹnìkan. Bí ẹ̀kẹrin bá dé, ẹ má kọ ọ́. Ẹ mú ọ̀kan nínú mẹ́ta náà le sí i. Bí itan bá ti wà níbẹ̀, ìrìn 25 di 15. Blades in the Dark ní irú ọgbọ́n yìí: bí àpótí ipele kan bá kún, ọgbẹ́ tuntun á bọ́ sí ipele òkè. Ẹni tó ní ọgbẹ́ márùn-ún kì í rántí ju méjì lọ, òfin tí a kò bá sì rántí kò sí níbẹ̀.

Gígé ẹ̀yà ara kúrò ńkọ́? Kò gbọdọ̀ ti ẹnu adarí wá láìbéèrè. Ẹni tí wọ́n gé lọ́wọ́ ọ̀tún, tó sì jẹ́ pé idà ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n ti gba ẹ̀dá ìtàn náà lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Bí òun fúnra rẹ̀ bá ní òun fẹ́ ẹ, ó dáa.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìròyìn

Ẹ kọ́kọ́ sọ ohun ìjà, lẹ́yìn náà ibi tó bà, lẹ́yìn náà ohun tí ara ṣe, kí nọ́ńbà kẹ́yìn. Ẹ má fi nọ́ńbà pamọ́. Ẹni tí kò mọ iye tó kù kò lè pinnu bóyá kó sá. Gbólóhùn kan tàbí méjì tó fún ìlù lásán, mẹ́ta fún èyí tó di ìlà. Ẹ wo ọ̀kọ̀ kan náà, ìpalára 9, ní ipele mẹ́ta:

Láti 44 sí 35: «Ó na ọ̀kọ̀ sí ọ, asà rẹ gbà á, ọwọ́ rẹ mì títí dé ìgbọ̀nwọ́. Mẹ́sàn-án.»
Láti 20 sí 11: «Ẹnu ọ̀kọ̀ ha ọ ní ìhà. Ẹ̀wù rẹ ya, ẹ̀jẹ̀ ti ń rin ín. Mẹ́sàn-án.»
Láti 7 sí òdo: «Ọ̀kọ̀ wọ abẹ́ egungun ìhà rẹ. Kò tíì dùn ọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ kò gbé ọ mọ́.»

Ẹni tó bá ń fi Yorùbá darí eré ní ohun èlò tó pọ̀ lọ́wọ́, torí pé ọ̀rọ̀ ìṣe wa ti sọ irú ọgbẹ́ kó tó débi àpèjúwe. Idà àti àdá ń ṣá, wọ́n ń gé, wọ́n ń la ara. Ọfà ń gún, ó ń wọlé, ó ń há. Kùmọ̀ kì í gé: ẹran á wú, ẹ̀jẹ̀ á kú síbẹ̀, eegun á kán. Oríkèé ń yẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ ń rọ́, apá ń ṣẹ́, agbárí ń fọ́. Ẹ má kó wọn pọ̀, torí pé èyí tó yẹ̀ ṣeé dá padà lójú ẹsẹ̀, èyí tó kán kò ṣeé dá padà bẹ́ẹ̀. Iná ń jó, awọ á bó tàbí kó lé ròrò. Àsíìdì ń jẹ ara. Òtútù á mú kí ìka gan. Oró kì í hàn lára níta: òòyì ni, èébì ni, ìgbọ̀nrìrì ni. Ìjà inú ọkàn kò gbọdọ̀ ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Kí etí máa hó, kí ẹni náà gbàgbé ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ̀dà kẹrin Dungeons & Dragons, ìyẹn ti ọdún 2008, ní orúkọ fún ẹ̀dá tó wálẹ̀ dé ìdajì HP, òfin ọdún 2024 sì tún dá a padà. Ẹ lo irú àmì yìí fún ọ̀tá: nígbà tí ìpalára bá kọjá ìdajì, ẹ sọ nǹkan kan tí ojú lè rí. Òmìrán gbé kùmọ̀ sí ọwọ́ òsì. Ìkookò rọ etí sẹ́yìn. Egungun òkú kò lẹ́jẹ̀, nítorí náà kí àwọn ìhà rẹ̀ máa já bọ́. Bí ẹ kò bá sọ ọ́, àwọn tó ń ṣeré á máa lu ògiri láìmọ̀ bóyá ó ń mì.

Ẹ máa béèrè pẹ̀lú. «Ibo ló ti bà ọ́?» Ẹni tó ni ara ló mọ ibi tí ọgbẹ́ yóò ti dùn ún ròyìn, ẹni tó bá sì fúnra rẹ̀ yan ibẹ̀ kì í gbàgbé rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ní òdo

Ẹni tó bá dé òdo dákú. Nígbàkígbà tó bá kàn án, yóò ta dáìsì olójú 20: 10 sókè jẹ́ àṣeyọrí, ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìkùnà. Àṣeyọrí mẹ́ta, ara rẹ̀ dúró. Ìkùnà mẹ́ta, ó kú. 1 jẹ́ ìkùnà méjì. 20 á fún un ní HP 1, á sì la ojú. Bí wọ́n bá lù ú nígbà tó wà nílẹ̀, ìkùnà kan ni, méjì bí ìlù náà bá jẹ́ ti dáìsì 20. Bí ìpalára tó ṣẹ́kù lẹ́yìn òdo bá tó HP kíkún rẹ̀, ó kú lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi pẹ́ńsù fa àmì sínú àpótí gidi lórí ìwé, ẹ má gbé e sórí.

Láti dá ikú dúró láìlo idán: dáìsì Medicine (òye ìtọ́jú) tó tó 10, tàbí àpò ìtọ́jú, tí a lè lò lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, tí kò sì béèrè dáìsì. Ẹni tí ara rẹ̀ ti dúró á gba HP 1 lẹ́yìn wákàtí 1 sí 4.

Àléébù tó gbajúmọ̀ ní ibí yìí ni ẹni tó ń ṣubú tó ń dìde: òdo, ìwòsàn kékeré, HP 5, òdo, ìwòsàn kékeré. Ikú á di eré ọmọdé. Àwọn kan ń fi ìpele àárẹ̀ kan sí i nígbàkígbà tó bá dìde, ṣùgbọ́n ìpele mẹ́fà ni àárẹ̀ ní, ẹ̀kẹfà ni ikú, ìsinmi gígùn kan kì í sì mú ju ìpele kan lọ. Ẹni tó ṣubú lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́ á fi ọjọ́ mẹ́ta jìyà rẹ̀. Pathfinder ẹ̀dà kejì (2019) ṣe é dára jù: ẹni tó jí láti ibi ikú ń rù àmì ọgbẹ́, bó bá tún ṣubú, ó ti sún mọ́ ikú ju ti ìṣáájú lọ. Ìlà ọgbẹ́ ti ìgbésẹ̀ kẹta ń ṣe iṣẹ́ kan náà fún yín láìfi òfin tuntun kún un.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ọgbẹ́, egbò, àpá

Yorùbá ti pín ọ̀nà ìwòsàn sí mẹ́ta fún wa, ẹ lò ó. Ẹ kọ Ọ, E tàbí À sí iwájú ìlà kọ̀ọ̀kan.

Ọ ni ọgbẹ́, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀. Bí ẹnìkan bá fọ̀ ọ́, tó dì í, tó sì ta Medicine tó tó 10 kí ìsinmi gígùn kejì tó parí, iye ìsinmi tó wà lórí ìlà á bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Bí kò bá sí ẹni tó tọ́jú rẹ̀, ó di E: egbò. Ó ti kẹ̀, iye ìsinmi rẹ̀ dúró gbagidi, Medicine tí yóò wò ó sàn sì di 15. Nígbà tí iye bá tán, ó di À. Àpá kò dí nǹkan kan lọ́wọ́ mọ́, ṣùgbọ́n ẹ má pa á rẹ́. Lẹ́yìn ọdún kan ti eré, àpá márùn-ún lórí ìwé kan ń sọ ìtàn ẹ̀dá náà ju ojú ewé ìtàn ìbí rẹ̀ lọ.

Idán ìwòsàn ńkọ́? Ìpinnu tiwa nìyí: Cure Wounds ń dá HP padà, ó sì ń mú ìsinmi kan kúrò lórí ìlà kan, ṣùgbọ́n kì í sọ ọgbẹ́ di àpá lójú ẹsẹ̀. Lesser Restoration ń sọ egbò di ọgbẹ́ padà. Regenerate, tó jẹ́ idán ipele keje, ni òfin fúnra rẹ̀ ní kó dá ẹ̀yà ara tó gé padà. Bí ẹ bá jẹ́ kí idán ipele kìíní nu gbogbo ìlà nù, ẹ ti padà sí ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ọjọ́ inú kàlẹ́ńdà dípò ìsinmi, ẹ wo bí ara gidi ṣe ń ṣe. Okùn tí wọ́n fi rán ojú, bíi ọjọ́ 5 ni wọ́n ń yọ ọ́. Ti ẹsẹ̀, ọjọ́ 10 sí 14. Egungun ọrùn ọwọ́ ń gba bíi ọ̀sẹ̀ 6; ti ojúgun lè gba oṣù 3 sí 4. Irú eré bẹ́ẹ̀ bá òfin ìsinmi líle mu, níbi tí ìsinmi kúkúrú ti jẹ́ wákàtí 8, tí ìsinmi gígùn sì jẹ́ ọjọ́ 7. Bí ìlú inú ìtàn yín bá jọ ìlú Yorùbá, teguntegun ni kí wọ́n gbé ẹni tó kán lọ bá: pákó oparun pẹlẹbẹ àti aṣọ ìdì. Ewu rẹ̀ sì wà nínú ìdì náà. Bó bá fún jù, ẹ̀jẹ̀ kò ní ráyè kọjá, ọwọ́ tí wọ́n ń tọ́jú lè kú. Dáìsì 1 nígbà ìtọ́jú lè túmọ̀ sí ìyẹn.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ béèrè ohun tí ẹnu kò gbọdọ̀ sọ

Ojú, eyín, èékánná, ọmọdé, aboyún: ibi márùn-ún yìí ni ara àwọn ènìyàn ti máa ń kọ ìròyìn. Ẹ fi ìwé kékeré káàkiri, kí kálukú kọ ohun tí kò fẹ́ gbọ́ rárá àti ohun tó lè ṣẹlẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ kí ẹ ròyìn. Ẹ fi X-Card ti John Stavropoulos, ìyẹn káàdì tí wọ́n kọ X sí, sí àárín tábìlì: ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, ẹ fo ibẹ̀ kọjá, ẹ má bi í léèrè ìdí.

Ìjà kan lórí ìwé

Jagunjagun wa padà dé, HP 44, ìdajì 22. Yípo kìíní, ọfà 6: «Ó ta mọ́ asà rẹ, o yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.» Yípo kejì, kùmọ̀ òmìrán, 14: «Asà rẹ tẹ̀, èémí rẹ ń já.» Kò tíì sí ẹ̀jẹ̀, torí pé 24 ju ìdajì lọ. Yípo kẹta, òmìrán ta 20, ìpalára 23: ó ju ìdajì HP kíkún lọ, ìlà kan nìyẹn. «Kùmọ̀ bà ọ́ ní ìhà ọ̀tún, o gbọ́ kì, bí ẹni ṣẹ́ igi gbígbẹ.» Yípo kẹrin, ọfà 5 ní itan òsì: òdo, ìlà kejì. Dáìsì ikú 13, àṣeyọrí kan. Àlùfáà fọwọ́ kàn án, HP 8, ìsinmi kan kúrò lórí ìlà itan. Ohun tó wà lórí ìwé rẹ̀ nígbà tí ìjà parí nìyí:

HP: 44, 38, 24, 1, 0, 8
Ọ / ìhà ọ̀tún / kùmọ̀ òmìrán / ìdíwọ́ lórí Athletics (gígun, fífò, lílúwẹ̀ẹ́) / ìsinmi gígùn 3
Ọ / itan òsì / ọfà / ìrìn 30 di 25 / ìsinmi gígùn 2, ó ku 1

Bí ìjókòó bá parí, kí adarí ya fọ́tò gbogbo ìwé. Ní ìjókòó tó tẹ̀ lé e, kí kálukú ka ìlà ọgbẹ́ rẹ̀ sókè kí ẹnikẹ́ni tó ta dáìsì.